Si₁₀ Kì í Ṣe Èérún Òkúta: Àkọsílẹ̀ Ìṣirò Kan Ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀ka kẹ́mísírì yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe Másítà gba iṣẹ́ ìwádìí lórí òṣùṣù sílíkọ́nì, ìyẹn átọ̀mù sílíkọ́nì mélòó kan tó so mọ́ra wọn láìsí ohun mìíràn láàárín wọn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò gùn: bí a bá gbé mólékù amóníà (NH₃) kan wá sẹ́bàá Si₄, Si₇ àti Si₁₀ (Si ni sílíkọ́nì, nọ́ńbà náà ni iye átọ̀mù inú òṣùṣù), èwo ló máa dì í mú jù, ibo lára òṣùṣù náà ni amóníà yóò sì jókòó sí?

Láptọ́ọ̀pù kan ló ní, core mẹ́rin, RAM 8 GB. Ètò ORCA ló fi ń ṣírò, nítorí ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́. Avogadro ló fi ń wo àwòrán átọ̀mù. Ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ni B3LYP, ìyẹn àgbékalẹ̀ tó fi ń ṣírò agbára ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, pẹ̀lú 6-31G(d), àkójọ iṣẹ́ ìṣirò (basis set) tó fi ń ṣàpèjúwe ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù wà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Òṣùṣù átọ̀mù mẹ́wàá kò wúwo ju ohun tí láptọ́ọ̀pù lè gbé lọ, ẹni tó bá ní dandan ni kí òun rí ẹ̀rọ ńlá ìlú òyìnbó kí òun tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, àwáwí ló ń wá.

Àwòrán àkọ́kọ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, àfiwé tó sì fi ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀ dùn létí: bí èèyàn bá fi òòlù já èérún lára òkè Olósùnta, èérún náà kò yí padà, òkúta Olósùnta náà ni. Nítorí náà ó ṣí àwòrán kírísítà sílíkọ́nì, níbi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti ní aládùúgbò mẹ́rin, tí ìdè kọ̀ọ̀kan gùn tó 2.35 Å (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà). Ó gé átọ̀mù mẹ́wàá jáde, ó pè é ní Si₁₀.

Àgò ni ohun tó gé jáde. Ẹ jẹ́ ká kà á. Átọ̀mù mẹ́rin nínú àgò náà ní aládùúgbò mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́fà yòókù ní méjì-méjì. Sílíkọ́nì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù mẹ́rin lóde, ìyẹn ọwọ́ mẹ́rin tó fi ń di ẹlòmíràn mú. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ọwọ́ òfìfo kan-kan, àwọn mẹ́fà ní méjì-méjì: 4 + 12, ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ló nà síta tí kò rí nǹkan dì mú. Nínú òkúta gidi, aládùúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ì bá di àwọn ọwọ́ yẹn mú, torí pé nínú òkúta tó tóbi, ìwọ̀nba díẹ̀ ni átọ̀mù tó wà lójú. Nínú Si₁₀ kò sí átọ̀mù kankan tó fara pamọ́ sínú. Ojú ni gbogbo wọn wà. Ibẹ̀ ni àfiwé Olósùnta ti já.

Ó gbé e fún ORCA pẹ̀lú multiplicity 1, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù wà ní méjì-méjì. ORCA gbìyànjú lẹ́ẹ̀marùndínláàádóje (125), iye tó máa ń dé kó tó jáwọ́, ó ní kò balẹ̀, ìyẹn ni pé agbára tó ń ṣírò kò dúró sójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ 125 di 500. Ẹ̀rọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Àṣìṣe mìíràn nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀: ó ti kọ %maxcore 4000, ó rò pé àpapọ̀ RAM ni nọ́ńbà náà ń sọ. Core kan ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Mẹ́rin lọ́nà 4000 jẹ́ 16000 MB lórí ẹ̀rọ tí kò ní ju 8000 lọ, ni kọ̀ǹpútà bá ń fi díìsìkì ṣe RAM. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, 1500 ló dára, kí díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó tún èyí ṣe, ìṣirò balẹ̀. Àwọn átọ̀mù sún díẹ̀, àgò náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ORCA sì kọ HURRAY gàdàgbà sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ nígbà tó bá gbà pé òun ti rí ibi ìsinmi. Ó yẹ kí ìṣirò ìgbọ̀nrìn tẹ̀ lé e, èyí tó ń wo bí àwọn átọ̀mù ṣe ń gbọ̀n láti mọ̀ bóyá ibi ìsinmi gidi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fò ó, nítorí iná ń ṣe ségesège lọ́sẹ̀ náà, ó bá kọjá sí amóníà.

Èsì amóníà ló ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Agbára tí Si₁₀ fi di amóníà mú sún mọ́ agbára tí ẹ máa lò láti já ìdè N–H kan gan-an, ìyẹn nǹkan bíi 4.6 eV. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń so amóníà mọ́ sílíkọ́nì níbẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù méjì tí nítírójìn ní nílẹ̀ tí kò lò, tó wá fi ta sílíkọ́nì lọ́rẹ. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ kì í lágbára tó yẹn. Si₄ àti Si₇ kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ti kọ ojú ìwé méjì tó fi ṣàlàyé ìdí tí Si₁₀ fi gbóná ju àwọn yòókù lọ, nígbà tí ohun tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ ni pé 4, 6, 7 àti 10 ni àwọn òṣùṣù kéékèèké tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, àwọn tó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo átọ̀mù.

“Ẹ wò ó mà, Si₁₀ ló dì í mú jù,” ó ní.

“Ṣí àwòrán ìparí rẹ fún mi,” ni ọ̀gá rẹ̀ dáhùn. Ó wò ó títí. “Àgò tó o gbé wá lọ́jọ́sí dà?”

Àgò kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí amóníà ṣe fara kàn án ló wó, àwọn átọ̀mù sì ti kó ara wọn jọ sí ìdúró mìíràn. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó ní kó yọ nítírójìn àti háídírójìn mẹ́ta kúrò nínú àwòrán ìparí, kó fi Si₁₀ tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà, kó tún wá ibi ìsinmi fún òun nìkan, kó wá fi agbára rẹ̀ wé ti àgò àkọ́kọ́. Ìṣirò wákàtí díẹ̀ ni, òun ló sì yí iṣẹ́ náà padà. Agbára Si₁₀ tó ti inú àjọṣe pẹ̀lú amóníà jáde rẹlẹ̀ ju ti àgò lọ fíìfíì; bí agbára bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni òṣùṣù ṣe ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Òṣùṣù kan náà, átọ̀mù kan náà, láìsí amóníà nítòsí.

Ẹ wo bí ìṣirò agbára ìdìmú ṣe ń lọ: agbára àjọṣe (òṣùṣù àti amóníà papọ̀), ẹ yọ agbára òṣùṣù, ẹ yọ agbára amóníà. Bí òṣùṣù tí a fi ṣe ìyọkúrò bá wà lókè, tí kò tíì dé ibi ìsinmi rẹ̀, gbogbo bó ṣe já wálẹ̀ ni a máa kọ sí orúkọ amóníà. Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ló fi ń wọn gàrí. Amóníà kò ṣe ju pé ó ti òṣùṣù náà kúrò lórí òkìtì tó jókòó lé.

Nígbà tí wọ́n padà ṣe ìgbọ̀nrìn àgò àkọ́kọ́, ẹ̀rí wà níbẹ̀. Òṣùṣù átọ̀mù mẹ́wàá ní ìgbọ̀nrìn mẹ́rìnlélógún (3 × 10 − 6). Mẹ́ta nínú wọn ní àmì òdì níwájú. Ohun tí àmì òdì ń sọ ni pé bí ẹ bá ti àwọn átọ̀mù síhà yẹn, wọn kò ní padà wá, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ ni. Orí gegele ni HURRAY ti jáde, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àfonífojì.

Báwo wá ni Si₁₀ gidi ṣe rí? Ẹ gbé ààrò mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ gbé ààrò mẹ́ta mìíràn sókè wọn, kí òkúta kọ̀ọ̀kan wà ní ọ̀kánkán èyí tó wà nísàlẹ̀: átọ̀mù mẹ́fà nìyẹn, ó dà bí àgọ́ oníhà mẹ́ta. Ẹ fi átọ̀mù kan bo ojú ìhà kọ̀ọ̀kan lóde, ó di mẹ́sàn-án. Ẹ gbé ọ̀kan lé àárín ààrò òkè bí ìkòkò, ó di mẹ́wàá. Òun ni. Kò jọ kírísítà rárá. Àwọn òṣùṣù kékeré tó ṣáájú rẹ̀ náà kò jọ ọ́. Si₃ jẹ́ onígun mẹ́ta. Si₄ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú káìtì, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ní nǹkan bíi 2.3 Å, àwọn méjì tó kọjú síra wọn lágbedeméjì sì sún mọ́ra débi pé àlàfo wọn kò ju nǹkan bíi 2.4 Å lọ. Si₅ jẹ́ ààrò mẹ́ta pẹ̀lú átọ̀mù kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀, tí a wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láti òkè. Si₇ jẹ́ òrùka átọ̀mù márùn-ún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí sílíkọ́nì ṣe yàtọ̀ sí kábọ́nì. Àwọn méjèèjì ní ọwọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kábọ́nì lè fi ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta di ẹnì kan ṣoṣo mú dáadáa, nítorí átọ̀mù rẹ̀ kéré, wọ́n sì ń sún mọ́ra. Átọ̀mù sílíkọ́nì tóbi, àlàfo tó wà láàárín méjì jìn, ọwọ́ kejì kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Bí ọwọ́ bá ṣófo, dípò kó di aládùúgbò kan mú lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń wá aládùúgbò mìíràn kún un ni, ìdè kọ̀ọ̀kan á sì gùn díẹ̀ ju 2.35 lọ. Nínú Si₁₀, ẹ máa rí átọ̀mù tó ní aládùúgbò mẹ́fà. Ìdí nìyí tí kò fi sí Si₆₀ tó dà bíi bọ́ọ̀lù C₆₀. Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ọ̀lù yẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣírò òṣùṣù sílíkọ́nì ńlá; àṣìṣe Olósùnta náà ni, òkúta ló yàtọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Si₂ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Kì í ṣe torí pé ó wà nínú àkòrí ìwádìí. Òun ni wọ́n fi dán ọ̀nà ìṣirò wò. Átọ̀mù méjì yìí máa ń ní ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù méjì tí kò ní ẹnìkejì, nítorí náà multiplicity 3 ló tọ́ sí i. Ìdè rẹ̀ ní yàrá ìdánwò jẹ́ 2.246 Å. Ẹni tó bá kọ multiplicity 1 fún un máa rí èsì tó balẹ̀, tó mọ́, tó sì jẹ́ irọ́. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń ṣe 1 àti 3 fún gbogbo òṣùṣù, pàápàá Si₃, níbi tí agbára méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Níbi tí wọ́n bá ti lo 3, wọ́n ń wo ⟨S²⟩ nínú fáìlì, nọ́ńbà tó ń yẹ spin (ìyípo ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù) wò: 2.00 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá lọ sókè bíi 2.3, spin mìíràn ti dà pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ agbára yẹn sínú tábìlì.

Si₄ ni ìdánwò kejì, torí pé ẹ̀rí ojú wà fún un. Ní 1993, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ya àwọn òṣùṣù sílíkọ́nì sọ́tọ̀ níye-níye, wọ́n tò wọ́n sínú gáàsì tó ti dì, wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ Raman gbọ́ bí Si₄, Si₆ àti Si₇ ṣe ń gbọ̀n. Ìlà Si₄ wà ní 345 àti 470 cm⁻¹. B3LYP akẹ́kọ̀ọ́ náà sún mọ́ méjèèjì nígbà tí Si₄ tẹ́ pẹrẹsẹ. Si₄ tó gbé dúró bí ààrò mẹ́ta pẹ̀lú ìkòkò lórí kò sún mọ́ ọn rárá, ó sì ní àmì òdì.

Fún Si₁₀, wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán kan mọ́. Wọ́n kó méjìlá jọ: àgọ́ oníhà mẹ́ta tí a bò, òrùka mẹ́rin méjì tí a gbé léra ní ìyípo, tí a bo lókè nísàlẹ̀, Si₇ tí a fi mẹ́ta kún, àgò àtijọ́, àwọn yòókù jẹ́ èyí tí wọ́n mi átọ̀mù kọ̀ọ̀kan síhà ibikíbi tí kò ju 0.3 Å lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi xtb, ètò ìṣirò tó yá ṣùgbọ́n tí kò péye tó B3LYP, sẹ́ gbogbo wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Asẹ́ lásán ni xtb níbí. Ẹ má fi ètò agbára tó gbé jáde ṣe ìdájọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló bọ́ sọ́wọ́ B3LYP. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣubú sínú ìdúró kan náà, àgọ́ oníhà mẹ́ta tí a bò lẹ́ẹ̀mẹrin, láìsí àmì òdì kankan. Bí àwòrán tó ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá bá pàdé síbi kan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ níbí, torí òun ló mú kí ìgbọ̀nrìn fò lákọ̀ọ́kọ́. Ìṣirò ìgbọ̀nrìn tí ORCA ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣeé tún gbé níbi tó ti dúró bí iná bá lọ. Èyí tó ń lo NumFreq ṣeé gbé: ó máa ń sún átọ̀mù kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn ní ìhà mẹ́ta, ó sì ń pa ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ sórí díìsìkì. Si₁₀ pẹ̀lú NH₃ jẹ́ átọ̀mù mẹ́rìnlá, nítorí náà ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 14 × 3 × 2, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84). Bí iná bá lọ lórí àádọ́ta, ẹ kọ %freq Restart true end sínú fáìlì, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti àádọ́ta. Ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ní Adó lásìkò òjò, èyí tó pẹ́ tó sì parí sàn ju èyí tó yá tí kò parí. Fún wíwá ibi ìsinmi, fáìlì .xyz (ipò àwọn átọ̀mù) tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi àṣẹ MORead ka fáìlì .gbw àtijọ́ (ibi tí ORCA tọ́jú ìṣirò ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù sí). Ẹ yí orúkọ .gbw náà padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bó bá jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun, ORCA kò ní gbà. Alẹ́ ọjọ́ méjì ló sọnù kí wọ́n tó mọ ìyẹn.

Amóníà wá padà dé. Lórí Si₁₀ gidi, nítírójìn jókòó sára sílíkọ́nì kan ní nǹkan bíi 2 Å, òṣùṣù náà kò sì yẹsẹ̀. Agbára ìdìmú wálẹ̀ débi tó yẹ irú ìdè ọrẹ bẹ́ẹ̀, Si₁₀ kò sì sí lókè tábìlì mọ́. Ojú ìwé méjì tó ti kọ lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

Ohun kékeré mẹ́ta ṣì fẹ́ bà á jẹ́. 6-31G(d) kéré, amóníà tó bá sún mọ́ òṣùṣù máa ń yá nínú iṣẹ́ ìṣirò òṣùṣù náà, ìdìmú á sì dà bí ẹni pé ó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n tún amóníà nìkan ṣírò pẹ̀lú átọ̀mù òjìji níbi tí òṣùṣù wà. Nínú ORCA, Si: tó ní àmì oníkókó méjì ni a ń kọ. Lẹ́yìn náà wọ́n fi def2-TZVP, àkójọ tó tóbi ju 6-31G(d) lọ, àti D3BJ, àtúnṣe fún ìfàmọ́ra fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín átọ̀mù, parí agbára. Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ náà fi agbára àpapọ̀ rẹ̀ wé ti ìwé kan tó lo Gaussian, wọn kò dọ́gba, ó sì rò pé òun tún ti ṣìṣe. Kò ṣìṣe: B3LYP inú ORCA àti ti Gaussian yàtọ̀ díẹ̀, B3LYP/G ni ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bára mu yóò kọ. Ẹ̀kẹta ni yíyí hartree, òṣùwọ̀n agbára tí ORCA fi ń kọ èsì, padà. Ọ̀kan jẹ́ 27.2114 eV, ó jẹ́ 627.5 kcal/mol, òǹkà kan nínú tábìlì ti fi èkejì ṣe èkínní.

Fún ìgbà tí amóníà bá fẹ́ pín sí NH₂ àti H, bó ṣe máa ń ṣe lórí ojú kírísítà Si(100), gegele kan wà tó gbọ́dọ̀ gùn kọjá. Lórí gegele yẹn, àmì òdì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí àmì òdì ti dẹ́rù bà, ń gbìyànjú láti pa á rẹ́. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀: òdo ló yẹ níbi ìsinmi, ọ̀kan lórí gegele, méjì sókè ni kó tún wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún yọjú nígbà tó ń kọ ìwé. Ó fẹ́ fi èsì rẹ̀ ti ìdánwò Yunifásítì Rice ní 1987 lẹ́yìn, níbi tí onímọ̀ kẹ́mísírì Smalley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé Si₃₉⁺ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka amóníà sí nígbà tí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ń dà á pọ̀ mọ́ra. Àmì + yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohun tó bá ní agbára iná lára nìkan ni pápá òòfà àti iná lè dì mú sójú kan, ìdí nìyẹn tí àwọn onídánwò fi ń lo àwọn tí wọ́n ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kan lọ́wọ́ wọn. Òṣùṣù tó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kan lè yí ìdúró padà, ó sì máa ń wá ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù amóníà lójú méjèèjì. Wọ́n yọ ìfiwéra náà, wọ́n sì ṣírò Si₄⁺, Si₇⁺ àti Si₁₀⁺ lọ́tọ̀, multiplicity 2, ibi ìsinmi tuntun, ìgbọ̀nrìn tuntun.

Àgò àkọ́kọ́ kò lọ síbi ìdọ̀tí. Wọ́n fi háídírójìn mẹ́rìndínlógún bo ọwọ́ òfìfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ó di Si₁₀H₁₆, ìṣirò rẹ̀ sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní àmì òdì kankan. Irú àgò yẹn wà láyé: ní 2005, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Austria ṣe é, wọ́n fi ẹgbẹ́ methyl àti trimethylsilyl bo ọwọ́ rẹ̀. Fáìlì méjèèjì, tí a bò àti èyí tí a kò bò, ló wà nínú fódà tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun báyìí, pé kí wọ́n ṣe ìgbọ̀nrìn méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.